Ojo wo nìyí? Ohun tí orúkọ ìdílé ń sọ ní Jàpáánì àti ní Òkukù

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ìjọba Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ìlú ní ìbéèrè kan tí yóò ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: báwo ni ẹ ṣe ń pe orúkọ yín? Kì í ṣe pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé. Ó wà nínú ìwé ìdílé tí wọ́n ń pè ní koseki, bó ṣe wà níbẹ̀ láti ayé bàbá ńlá wọn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìró orúkọ náà. Ìwé mọ ohun tí orúkọ túmọ̀ sí, kò mọ bí ẹnu ṣe ń pè é. Òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 2023 ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìpè orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé-sílé, kí oníkálukú wò ó bóyá bí wọ́n ṣe kọ ìpè orúkọ òun nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, òdìkejì gan-an lọ̀rọ̀ náà. Ìwé wa gba lẹ́tà, ó sì ju ohùn nù. Nínú èdè tó jẹ́ pé ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, bí ohùn bá ti lọ, ìtumọ̀ ti bá a lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń rò pé àsọdùn ni, kí ó gba ojú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, kí ó sì máa ka orúkọ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ láti Ìkìrun, kọjá ní Ìníṣà, títí dé Òkukù. Kò ní pẹ́ rí OJO. Ojo wo? Bó bá jẹ́ Òjó, ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni, orúkọ àmútọ̀runwá. Bó bá jẹ́ ọjọ́, ti oòrùn òun òṣùpá ni. Òjò ń rọ̀ látòkè. Ojo sì ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà lójú ogun. Lẹ́tà mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èébú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ti Jàpáánì, kí a lè mọ ibi tí tiwọn ti jọ tiwa.

Kanji ni àmì ìkọ̀wé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́. Lẹ́tà tiwa ń dúró fún ìró, kanji ń dúró fún ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ Tanaka, àmì oko ìrẹsì ló kọ́kọ́ kọ, kí ó tó kọ àmì àárín. Yamamoto jẹ́ òkè àti ìdí, ìyẹn ni pé ìdí òkè ni ilé wọn. Takahashi jẹ́ gíga àti afárá. Kí ìjọba ọba Meiji tó dé, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lo orúkọ ìdílé nínú ìwé ìjọba. Ti àwọn jagunjagun àti ọlọ́lá ni. Ní 1870 ni ìjọba fún gbogbo ènìyàn láyè, nígbà tó sì di 1875 ó sọ ọ́ di dandan. Ìdí rèé tí orúkọ oko, odò, òkè àti afárá fi pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ló mú ohun tó wà nítòsí ilé.

Ibi tó ti wá dùn ni pé ìró kan ṣoṣo lè ní ju ọ̀nà kan lọ tí a fi ń kọ ọ́. Ẹ gbé Itō yẹ̀ wò. Ẹnìkan lè kọ ọ́ báyìí: 伊藤. Ẹlòmíràn lè kọ ọ́ báyìí: 伊東. Etí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Àmì kejì nínú ti àkọ́kọ́ ni òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní fuji, òdòdó yẹn ló sì wà nínú orúkọ ìdílé Fujiwara, àwọn ọlọ́lá tó jẹ gàba lórí ààfin ọba Jàpáánì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní i nínú orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ Itō, Satō tàbí Katō, ń sọ, tàbí ó fẹ́ kí a gbà, pé òun bá Fujiwara tan. Àmì kejì nínú ti èkejì jẹ́ ìlà oòrùn lásán, kò sí Fujiwara níbẹ̀. Itō Hirobumi, tó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní 1885, ti olódòdó ni. Itō Mancio, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ sí Róòmù ní 1582, ti ìlà oòrùn ni. Bákan náà ni Abe: kanji tí Shinzō Abe, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀rí tí wọ́n yìnbọn pa ní 2022, fi ń kọ orúkọ rẹ̀ kọ́ ni òǹkọ̀wé Kōbō Abe ń lò. (Èmi ò lè ka orúkọ yẹn kí n má ronú kan abẹ ìfárí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan àwọn ará Tokyo.)

Yorùbá kò ní kanji. Àmọ́ a ní ohun méjì tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Ajewole. Ajéwọlé ni bàbá sọ ọmọ, nítorí pé ọjà tà lọ́dún tí wọ́n bí i, tàbí nítorí pé ìdílé náà ń bọ Ajé. Bí a bá yọ àmì, kí ló kù tí kò ní jẹ́ kí àlejò kà á sí Àjẹ́wọlé? Ta ni yóò gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ? Odewale náà rèé. Ọdẹ́wálé ni, ọmọ ìran ọdẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò jìn láti ọdẹ dé ọ̀dẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ogundele lè jẹ́ Ògúndélé, Ògún ti dé ilé. Ó lè jẹ́ Ogundélé, ogun tó ń kó ìlú ti dé ẹnu ọ̀nà. Oyelowo ń kọ́? Oyèlọ́wọ̀ ń sọ pé oyè ní àpọ́nlé, Oyèlówó ń sọ pé owó wà nídìí oyè. Mo mọ èyí tí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ wa yóò mú.

Ará ilé kì í ṣìnà nínú èyí. Ará Ìníṣà tó gbọ́ orúkọ ará Ìníṣà mìíràn ti mọ agboolé rẹ̀, ó mọ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kò nílò àmì kankan. Ìwé ni kò mọ agboolé. Akọ̀wé báńkì ní Èkó kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston, tó jẹ́ pé inú káàdì nìkan ló ti ń rí orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà, kò mọ̀ ọ́n rárá.

Òkukù ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ìlú náà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ó sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe ìwádìí oríkì tó jinlẹ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀mọ̀wé Karin Barber, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, gbé ibẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, ìwé rẹ̀ lórí oríkì Òkukù sì jáde ní 1991. Oríkì orílẹ̀ ni orúkọ ìdílé wa kí ìwé tó dé. Ẹni tí wọ́n bá ki ní ti Ìkòyí tàbí ti Ọ̀fà, ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń sọ yẹn, ì báà ti pẹ́ tó tí ìdílé rẹ̀ ti dé Òkukù. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ agboolé níbẹ̀: ibòmíràn ni oríkì wọn ń tọ́ka sí. Òdòdó Fujiwara ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ tiwọn wà lójú ìwé, tiwa wà lẹ́nu àwọn obìnrin ilé.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì, iléèwé àti ilé iṣẹ́ ìjọba wá béèrè orúkọ ìdílé, kò sí òfin kankan bíi ti 1875 tó ṣètò ohun tí a ó kọ. Ẹnìkan kọ orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn kọ ti bàbá rẹ̀ àgbà, ẹ̀kẹta kọ oríkì bí Àjàní tàbí Àlàbí. Ọmọ ìyá kan náà méjì ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí di òní nítorí pé iléèwé kan náà kọ́ ni wọ́n lọ. Oríkì orílẹ̀, tí ì bá ṣe iṣẹ́ náà jù lọ, kò wọ inú ìwé rárá.

Ohun tó ṣẹ́ kù tó ṣì ń tọ́ka sí ìran ni ọ̀rọ̀ tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀. Àyàn ń sọ ti onílù, Ọ̀jẹ̀ ń sọ ti eégún, Ọdẹ ti ọdẹ, Fá ti babaláwo, Oyè àti Adé ti ilé ọba tàbí ilé ìjòyè. Ìdílé Oyinlọlá ní Òkukù jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ọba Moses Oyèwọlé Oyinlọlá jẹ Olókukù láti 1934 sí 1960; ọmọ rẹ̀, Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 2003 sí 2010. Ẹ wo orúkọ méjèèjì. Oyèwọlé: oyè wọ inú ilé. Ọlágúnsóyè: ọlá ti rí ibi gúnlẹ̀ sí nínú oyè. Bàbá àti ọmọ ń sọ ìtàn ilé kan náà. Oyinlọlá alára kò ní oyè nínú bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú. Oyin ni, oyin ni ọlá. Ẹni tó bá sì ka ọlá yẹn sí ọlà ti sọ iyì di dúkìá. Yorùbá kò ka ọlọ́lá àti ọlọ́là sí ẹnìkan náà.

Ẹ̀sìn ti tún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yìí kọ. Àwọn onígbàgbọ́ yọ òrìṣà, wọ́n fi Olú tàbí Jésù dípò: Ògúnbíyì di Olúbíyì, Fágbèmí di Olúgbèmí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí Fá bá lọ, ọ̀nà tí ọmọ-ọmọ ì bá fi mọ̀ pé ilé babaláwo lòun ti wá náà lọ nìyẹn. Ní Ìkìrun, níbi tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí ti fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Àwọn bàbá gba orúkọ Lárúbáwá, wọ́n sì pè é bó ṣe rọ ẹnu Yorùbá lọ́rùn: Abdul-Aziz di Lásísì, Abdul-Hamid di Lámídì, Ibrahim di Búràímọ̀, Abdul-Qadir di Akadiri. Nísinsin yìí àwọn ọmọ ń dá a padà, Lásísì ń di Abdulazeez nínú ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń ṣe é ní àwọn ń dá ìtumọ̀ padà, nítorí pé Abd, tó túmọ̀ sí ẹrú, ti já sílẹ̀ nígbà tí ó di Lásísì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lásísì ní ìtàn tirẹ̀: ó ń sọ pé ó ti pẹ́ tí ilé náà ti ń kírun, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó kọ́ bí òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ Lárúbáwá.

Ìkìrun yìí kan náà ni orúkọ oyè ọba rẹ̀ ti ní lẹ́tà kan lé. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, Akirun ni ọba ìlú náà. Ìwé ìròyìn òde òní ń kọ Akinrun. N kan ṣoṣo ló wọlé, ojú òǹkàwé sì ti rí akin, ọ̀rọ̀ akọni, níbi tí Johnson kò kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Jàpáánì ṣe ní oríṣiríṣi Watanabe àti Saitō tó jẹ́ pé ọwọ́ akọ̀wé ìjọba ló bí àwọn kan nínú wọn.

Ìlànà ìkọ̀wé wa náà ti yí padà. Ìwé àtijọ́ ń kọ Inisha, Oshogbo àti Aiye. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tó jókòó ní 1966 àti ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ó di Ìníṣà, Òṣogbo àti Ayé. Ìlú gbà, orúkọ ìdílé kò gbà. Ìdí nìyẹn tí Adeshina àti Aiyegbusi fi wà síbẹ̀, tí ẹni tó bá lójú inú sì lè fi sh àti ai mọ̀ pé bàbá àgbà ẹni náà ti mọ̀wé kí àkọtọ́ tuntun tó dé.

Bí a bá béèrè ìdí tí ìwé wa fi ń ju àmì nù, àwọn kan a máa ní ẹ̀rọ ni kò gbà á. Díẹ̀ ni òótọ́ tó wà nínú ìyẹn. Ìlànà ìwé ìrìnnà tí ICAO, àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, gbé kalẹ̀ sọ pé ìlà ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà kò gbọdọ̀ ní ju A dé Z, nọ́ńbà àti àmì ìdí àlàfo lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà gba àmì lórí lẹ́tà ní apá òkè tí ojú ènìyàn ń kà. Kọ̀ǹpútà náà lè kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà bí ẹ́ kò ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà àmì ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà ń lò, tó jẹ́ pé àmì ohùn ni ẹ̀rọ ń gbé lé orí ẹ. Fóònù tó wà lápò yín ní bọ́tìnnì Yorùbá. Láti 2015 ni onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àmì àti ohùn tí a lè gbọ́. A kò tíì béèrè pé kí wọ́n kọ àmì ni. Jàpáánì rí i pé ìwé òun kò pé, ó sì ṣòfin láti tún un ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ nílẹ̀ wa lè ṣe irú rẹ̀, kí àyè àmì wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín pẹ̀lú àmì rẹ̀ sínú ìwé ètò ìkómọ, sí èèpo ìwé iléèwé rẹ̀, sínú Bíbélì tàbí Kùránì ilé. Ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà kò bá sì dá lójú, kí ó pe àgbà ilé rẹ̀ lórí fóònù, kí ó ní kí bàbá tàbí ìyá pè é kí òun gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe pè é.