Ìtẹ́lẹ̀ àti Ìbòlẹ́yìn: Ohun tí í Gbé Àwọ̀ Ẹja Yọ

Ẹni tí ó bá ra ẹja Pelvicachromis pulcher, tí ó sì dà á sínú àpótí gíláàsì tí ó tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí nísàlẹ̀, lè rò láìpẹ́ pé oníṣòwò rẹ́ òun jẹ. Àwọ̀ àlùkò tí ó wà níkùn abo ẹja náà yóò ṣá. Ìlà dúdú tí ó gba ìhà rẹ̀ kọjá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Oníṣòwò lè máà jẹ̀bi rárá. Ẹja yìí, tí Boulenger ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1901, inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà àti etíkun Kamẹrúùnù ni ó ti wá, láàrin ewéko. Ilẹ̀ funfun tí ń tàn yanran kì í ṣe ilé rẹ̀.

Nínú awọ ẹja ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n yọ ẹ̀ka bí gbòǹgbò, tí hóró dúdú kún inú wọn. A lè pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì àwọ̀. (Kí òǹkàwé ṣọ́ ohùn: awọ ni ó bo ara, àwọ̀ ni ojú ń rí.) Bí hóró wọ̀nyí bá tàn ká ẹ̀ka, ẹja yóò dúdú, bí wọ́n bá kóra jọ sí àárín sẹ́ẹ̀lì, yóò funfun sí i. Ojú ni ẹja fi ń díwọ̀n ọ̀ràn náà: ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ó ti òkè wá wé èyí tí ilẹ̀ dá padà. Ní 1911, Karl von Frisch fi hàn pé ọpọlọ ń gba ojú iṣan pàṣẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí. Ní 1983 ni a sì ṣàlàyé họ́mọ̀nù kan, láti inú ẹja salmon, tí í mú kí hóró náà kóra jọ. Ìyípadà yìí lè ṣẹlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá pẹ́ lórí ilẹ̀ funfun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, iye sẹ́ẹ̀lì dúdú gan-an ni yóò dín kù, a kò sì lè fi ọjọ́ kan tún un ṣe.

Orúkọ wo ni ó yẹ ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ yìí? “Ìpìlẹ̀” kò bá a mu, nítorí ó ti di ti ilé àti ti ọ̀rọ̀. “Ìtẹ́lẹ̀” sàn jù: ohun tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ni. Èyí tí a fi bo gíláàsì ẹ̀yìn, ì báà jẹ́ bébà tàbí ọ̀dà, kí ó máa jẹ́ “ìbòlẹ́yìn”. Níhìn-ín ni “dúdú” ti wúlò gan-an. Àwọn kan máa ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù, pé ó kó aró àti ewé tútù mọ́ra; ṣùgbọ́n bí ohun kan ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó ni ẹja ń wò jù lọ níbí. Iyanrìn tí ó rí bí ilẹ̀ odò àti ìbòlẹ́yìn aláwọ̀ aró kíkún, dúdú ni méjèèjì.

Pupa yàtọ̀. Inú oúnjẹ ni ẹja ti ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀, bíi láti inú edé. Ìtẹ́lẹ̀ kò lè fún un ní èyí tí kò jẹ.

Kí a sì yẹra fún iyanrìn ìkarahun. Yàtọ̀ sí funfun rẹ̀, ẹfun inú rẹ̀ ń yọ́, ó sì ń dín kíkan omi kù. Nínú ìran ẹja yìí, omi kíkan máa ń mú kí akọ pọ̀ nínú ọmọ ju abo lọ. Kí a kán ọtí kíkan sórí ìwọ̀nba iyanrìn náà kí a tó rà á: bí ó bá hó, kí a fi í sílẹ̀.