Eégbọn Ara Ajá: Wákàtí Mélòó ni Oògùn Oníhóró Fi Ń Ṣiṣẹ́?



Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ń sin ajá. Ẹ̀sìn wa fàyè gba ajá ọdẹ, ajá tó ń da ẹran àti ajá tó ń ṣọ́ oko. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ àǹfààní ajá gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, eégbọn sì wà lára ohun tó yẹ ká bójú tó, nítorí ó lè kúrò lára ajá kó gun ọmọ ènìyàn.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Láti ọdún 2013 ni irú oògùn tuntun kan tí ajá ń jẹ lẹ́nu ti ń jáde: afoxolaner (NexGard), fluralaner (Bravecto), sarolaner (Simparica) àti lotilaner (Credelio). Bí ajá bá gbé e mì, oògùn á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Eégbọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yẹn ló máa kú. Èyí ni pé eégbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu ajá jẹ. Oògùn náà kì í lé e sẹ́yìn.

Fluralaner máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pa eégbọn láàárín wákàtí 12. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ọ̀pọ̀ jù lọ eégbọn tó wà lára ajá á ti kú. Agbára fluralaner máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ti àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ oṣù kan.

Ẹ má ṣe kánjú

Ẹni tó fún ajá rẹ̀ lóògùn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó tún rí eégbọn láàárọ̀ Sátidé, kò gbọ́dọ̀ fún un ní òmíràn. Eégbọn tó ti kú ṣì lè so mọ́ awọ ara, àwọn tuntun sì lè ti ara ògiri gun ajá. Ní ọdún 2018, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé irú oògùn yìí lè mú kí ara àwọn ajá kan máa gbọ̀n, kí wọ́n máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí kí gìrì mú wọn. Ẹ wọn ajá kí ẹ tó ra oògùn, nítorí ìwọ̀n kílò rẹ̀ ni a fi ń yan hóró. Ajá tí gìrì ti mú rí àti ọmọ ajá kékeré, ẹ bi dókítà ẹranko léèrè ná.

Àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní ehrlichiosis lè wọ ara ajá láàárín wákàtí 3 tí eégbọn bá ti bù ú. Nítorí náà, bí ajá bá ń gbóná, tí kò jẹun, tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, oògùn eégbọn kò tó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ohun tí kò yẹ

Ẹ má fi ọ̀tá-píápíá wẹ ajá. Májèlé ni, ó ń gba awọ wọlé, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ajá náà á kó o. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké DDVP. Ẹ má sì fún ajá ní Mectizan tí ìjọba ń pín fún yín nítorí àrùn ìfọ́jú ẹ̀bá odò. Ènìyàn ni wọ́n wọn ún fún.

Ìmọ́tótó ilé

Abo eégbọn kan lè yé ẹyin tó lé ní 1,000 sínú ihò ògiri. Ẹ dí ihò ibùsùn ajá, ẹ máa gbá a, ẹ sì fi omi gbígbóná fọ àpò tó ń sùn lé. Kí ibẹ̀ jìnnà sí ibi tí ẹ ń kírun. Bí ẹ bá fẹ́ yọ eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú fà á tààrà. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ jù ú sínú omi ọṣẹ, kí ẹ sì fọwọ́. Abọ́ tí ajá bá lá, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀, bí Ànábì wa (SAW) ti kọ́ wa.

Àánú sí ẹranko ní ẹ̀san. Ẹni tó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, Ọlọ́hun forí jì í. Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn aláàánú. Àmín.