Ilé Tó Ń Ṣí, Tó Ń Padé

Bí oòrùn bá ti gba ara gíláàsì wọ yàrá, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kọ́tìnì lè dí ojú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ti di ará ilé. Ìta ló yẹ ká ti dá a dúró. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oòrùn kì í dúró sójú kan: ohun tó bo ilé dáadáa láàárọ̀ lè sọ ọ́ di òkùnkùn lásán nírọ̀lẹ́. Nítorí náà ni àwọn ayàwòrán ilé ṣe ń wá ara ilé tó lè yí padà, láìjẹ́ pé iná tí yóò máa fi yí á ju èyí tó ń bá wa fi pamọ́ lọ.

Ilé gogoro méjì tí wọ́n ń pè ní Al Bahr wà ní Abu Dhabi. Iléeṣẹ́ Aedas ló ya àwòrán wọn, wọ́n sì parí wọn lọ́dún 2012. Níwájú gíláàsì ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n to agboòrùn tó lé ní 1,000 sórí férémù. Agboòrùn ni mo pè é, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí tiyín, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo lọ́wọ́ ń tì, gbogbo egungun yòókù á sì nà tẹ̀lé e. Ti Al Bahr náà rí bẹ́ẹ̀: ege onígun mẹ́ta tí wọ́n ta aṣọ sí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ti àárín wọn. Kọ̀ǹpútà ti mọ ọ̀nà tí oòrùn ń gbà, ó ń pa apá tó bá kọjú sí i dé, ó ń ṣí ìyókù sílẹ̀. Ìṣirò àwọn tó kọ́ ọ ni pé ooru tó ń wọlé á dín kù tó ìdajì.

Oríkèé tó ń yí ni ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Ní Paris, ayàwòrán ilé Jean Nouvel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pánẹ́ẹ̀lì 240 sára ilé Institut du Monde Arabe lọ́dún 1987, pẹ̀lú ihò tó ń fẹ̀ tó ń sún kì bí ojú kámẹ́rà. Ó rẹwà púpọ̀, àmọ́ irin kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì há kí wọ́n tó tún wọn ṣe.

Èyí tó wù mí jù kò ní oríkèé rárá. Ẹ rántí ilẹ̀kùn pákó tí káfíńtà gbé wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, èjìká la fi ń tì í. Pákó ti mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó wú. Ìbú rẹ̀ ló ń fẹ̀, gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, torí omi ń ti fọ́nrán igi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, kò lè fà wọ́n gùn.

Achim Menges àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stuttgart, ní Jámánì, fi wíwú yìí ṣiṣẹ́. Wọ́n lẹ igi mépù tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ohun tí omi kì í mú wú. Bí apá kan bá fẹ̀ tí èkejì kọ̀, dandan ni kí ege náà tẹ̀. Nínú ilé kékeré kan tí wọ́n pè ní HygroSkin, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ojú ọjọ́ gbígbẹ ń mú kí àwọn ege náà ká sẹ́yìn, kí ihò ṣí. Bí ọ̀rinrin bá dé, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò á padé. Kò sí wáyà, kò sí mọ́tò.

Igi yìí kò lè gba iṣẹ́ Al Bahr ṣe o. Agbára rẹ̀ kéré, kò sì gbọ́ àṣẹ: ẹ kò lè ní kó ṣí lọ́jọ́ òjò torí pé èéfín kún ilé. Ìgbà tí wọ́n bá ń gé igi náà nìkan ni wọ́n lè sọ tẹnu wọn fún un. Bí wọ́n bá gé e tẹ̀lé fọ́nrán, ó ń ká bí ẹní. Bí wọ́n bá gé e dà gẹ̀rẹ́ sí fọ́nrán, ó ń lọ́ bí okùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ ojú ọjọ́.