Jìgá: Kòkòrò kékeré tó ń gba ìrìn lọ́wọ́ ọmọdé

Ìka ẹsẹ̀ á máa yún ọmọ lálẹ́, á máa họ ọ́, ìyá rẹ̀ á ní bóyá ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ á wú, á funfun, àmì dúdú kékeré kan á sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹyinjú. Ẹni tó bá dàgbà ní abúlé oníyanrìn kò nílò dókítà kó tó mọ̀ pé jìgá ni.

Nínú gbogbo ohun tó ń bá ẹsẹ̀ jà nílẹ̀ Áfíríkà, láti orí gìgísẹ̀ tó ń là lásìkò ọyẹ́ dé orí ìka tó ń bó nínú bàtà tútù, bóyá ni èyí táwọn èèyàn ń fojú kéré tó jìgá wà.

Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Kò lè fò ga, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló sábà máa ń rí mú: abẹ́ èékánná, àárín ọmọ ìka, gìgísẹ̀. Abo rẹ̀ ló máa ń wọ inú awọ, tó bá sì ti wọlé tán, kò ní jáde mọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti máa mu ẹ̀jẹ̀, tí ikùn rẹ̀ yóò máa wú fún ẹyin títí yóò fi tó hóró ẹ̀wà. Àmì dúdú yẹn ni ìdí rẹ̀, tó yọ síta láti fi mí àti láti fi yé ẹyin.

Ẹyin náà á já bọ́ sílẹ̀, nínú yàrá, ní àgbàlá tàbí nínú kíláàsì, á pa, ìran mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ìyá wọn á kú sínú awọ níbẹ̀.

Láti Brazil wá sí Angola

Amẹ́ríkà Gúúsù ni jìgá ti ṣẹ̀ wá. Àkọsílẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù sọ pé lọ́dún 1872 ni ọkọ̀ ojú omi Thomas Mitchell gbé e láti Brazil dé Ambriz ní Angola, nínú iyanrìn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ kó má baà máa fì. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn oníṣòwò, ọmọ ogun àti aláàárù ti gbé e dé Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, ó wà ní Kenya àti Uganda, ó sì wà ní Nàìjíríà, níbi táwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí nípa rẹ̀ ní agbègbè Badagry ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Abẹ́rẹ́ kan fún gbogbo ilé

Ohun tó ń sọ jìgá di ewu gan-an ni bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ kan náà tàbí ẹ̀gún kan náà ni wọ́n á fi tú ẹsẹ̀ ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin. Tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ojú egbò wọlé, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ bíi hepatitis B sì lè ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti èkejì. Ọmọ tó bá ní ogún ojú egbò lábẹ́ ẹsẹ̀ kò ní lè rìn dé ilé ìwé.

Àwọn mìíràn ń da kẹrosíìnì sí i. Àwọn kan ní ọ̀bùn ló ń ní jìgá, èébú yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ọmọ tètè sọ. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ oníyanrìn tí wọ́n ń sùn lé lórí ló yẹ ká bá wí, kì í ṣe ọmọ.

Òróró kan wà tí wọ́n ń pè ní dimeticone, èyí tí wọ́n tún fi ń pa iná orí. Tí wọ́n bá kán an sójú ibi tí kòkòrò náà wọ̀, á dí ihò tó fi ń mí, á sì kú láìsí abẹ́rẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò tíì dé ọ̀pọ̀ abúlé.

Bàtà ń ṣèrànwọ́, àmọ́ bàtà nìkan kò tó. Ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti eku náà ń gbé jìgá, nítorí náà ilé tó bá tọ́jú ọmọ láì tọ́jú ẹran ọ̀sìn á tún rí i lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Sìmẹ́ńtì nílẹ̀ yàrá dára jù. Níbi tí kò bá ti sí owó rẹ̀, kí wọ́n máa wọ́n omi, kí wọ́n sì máa gbálẹ̀ lójoojúmọ́.

Tó bá di dandan kí wọ́n yọ ọ́, kí nọ́ọ̀sì yọ ọ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì béèrè bóyá ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì.