Aṣọ Olè Lọ́rùn Ẹni Tí Kò Jalè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ hájì. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí à ń pè ní ímeèlì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àròsọ àti èrò búburú sí ọmọnìkejì ni, ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa máa bẹ̀rù.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní mọ́sálásí wa ní Mazamaza. Ní ọdún tí ó kọjá, a pinnu láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, nítorí omi tí a fi ń ṣe àlùwàlá, ríra ni à ń rà á lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Arákùnrin wa kan, tí ó dàgbà láàárín wa kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìlérí pé òun yóò san ìdajì owó náà. Mo kọ̀wé sí i. Mo kọ iye owó, orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́. Kò fèsì. Mo tún kọ, kò fèsì. Oṣù méjì kọjá. Àwọn ará bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ẹ ò rí i? Ẹnu lásán ló fi ṣe é. Ó ti di òyìnbó." Èmi náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi.

Nígbà tí ó wálé fún Ìléyá, àwọn kan kò dá a lóhùn dáadáa. Lẹ́yìn ìrun ni ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín? Mo retí lẹ́tà yín títí, n kò rí i. Mo rò pé ẹ ti rí ẹni tí ó lówó jù mí lọ ni." Mo ní kí ó ṣí fóònù rẹ̀. Lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn wà nínú àpò tí wọ́n ń pè ní spam, níbi tí ẹ̀rọ ń da lẹ́tà àwọn ẹlẹ́tàn sí. Àwọn ti ìṣáájú ti pa rẹ́, nítorí Gmail a máa nu àpò náà lẹ́yìn 30 ọjọ́. Ẹ̀rọ ti dá mi lẹ́jọ́ olè, n kò sì mọ̀ pé wọ́n pe ẹjọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: nítorí olè ni a ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Festac tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín, tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò ayẹyẹ àṣà ọdún 1977, di ohun tí àwọn oníròyìn òkèèrè ń dárúkọ ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń jókòó sí ilé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́jú, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà ẹ̀tàn sí òyìnbó. Abala 419 nínú òfin wa di orúkọ olè káàkiri ayé. Ìjọba dá àjọ EFCC sílẹ̀ ní 2003, ó sì ṣe òfin pàtàkì lórí jìbìtì yìí ní 2006, ṣùgbọ́n orúkọ ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó da àrán bora, aṣọ olè ni ó dà bora. Èwo wá ni ti ẹni tí kò jalè rárá?

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dájọ́? Ní oṣù Ògọ́sì 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Paul Graham, ṣàlàyé ọ̀nà kan tí ó di olókìkí. A ó kó òkìtì lẹ́tà rere jọ, a ó kó òkìtì lẹ́tà burúkú jọ. Ẹ̀rọ yóò ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú òkìtì méjèèjì, yóò sì fi ìyẹn wọn lẹ́tà tuntun. Bí "báńkì", "dọ́là" àti "Lagos" bá pọ̀ nínú òkìtì àwọn olè, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí akọ̀wé mọ́sálásí? Graham pàápàá mọ ewu yìí. Ó ní kí lẹ́tà rere sọnù burú púpọ̀ ju kí lẹ́tà burúkú wọlé lọ, nítorí náà ni ó ṣe ka ọ̀rọ̀ inú òkìtì rere ní ìlọ́po méjì, kí òṣùwọ̀n lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aláìṣẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ́nà ni ó ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ní January 1, 2010, SpamAssassin, ẹ̀rọ asẹ́ kan tí ó gbajúmọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí lẹ́tà nítorí pé wọ́n kọ 2010 sí i lára, nítorí òfin àtijọ́ kan nínú rẹ̀ ka ọdún náà sí ọjọ́ iwájú tí ó jìnnà réré. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó kọ ọ́ kò ju pé ọdún tuntun dé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn!

Kí ni kí a ṣe? Èkínní, ẹ máa yẹ àpò spam yín wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà ẹni tí ẹ mọ̀ níbẹ̀, ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé kì í ṣe spam, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ pa mọ́. Èkejì, ẹgbẹ́ tí ó bá ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí ó ní kí onímọ̀ ṣe àwọn ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní SPF, DKIM àti DMARC sí i. Láti February 2024 ni Gmail àti Yahoo ti ń béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi owó ránṣẹ́ nítorí lẹ́tà nìkan. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni náà sórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó ká mi lára jù. Bí ẹnìkan kò bá fèsì, ẹ pè é kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Suratul Hujuraat pa á láṣẹ fún wa pé kí a wádìí ìròyìn, kí a sì yàgò fún ọ̀pọ̀ àròsọ. Ẹ̀rọ kò ka Kùránì, ṣùgbọ́n èmi kà á. Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni ìbá gbà wá lọ́wọ́ oṣù méjì tí a fi ń bú arákùnrin wa. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo jámọ́ọ̀. Kànga náà ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun ni ó sì kọ́kọ́ fi omi rẹ̀ ṣe àlùwàlá.