Òjò dá ọkọ̀ ìdíje dúró, onídánfó Kétu lóun ò ní í dúró!

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ohun tójú àwọn awakọ̀ ìdíje Formula 1 rí nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù nìyẹn lọ́jọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 2021. Òjò ló rọ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní pápá Spa. Wọ́n dúró títí, ilẹ̀ ò gbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń ṣíwájú wọn, wọ́n rọra yí pápá ká ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, láìsí pé ẹnì kan ń ya ẹnì kejì sílẹ̀, ló bá parí. Max Verstappen ni wọ́n gbé ipò kìn-ín-ní fún, ìdajì máàkì ni wọ́n sì pín.

Ẹ má pè wọ́n ní ojo o. Lọ́jọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2014, òjò ń rọ̀ ní Suzuka, nílẹ̀ Japan, nígbà tí ọkọ̀ Jules Bianchi yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tó lọ forí sọ katakata tó ń gbé ọkọ̀ mìíràn kúrò. Oṣù keje ọdún 2015 lọmọkùnrin náà kú.

Àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà nínú taya. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, taya tó dán bọ̀rọ́ ni wọ́n ń lò, torí ó máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Àmọ́ tómi bá ti wà nílẹ̀, taya tó dán ò rí ibi gbá omi sí, orí omi lọkọ̀ máa gùn, búrẹ́ẹ̀kì ò ní í ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ ò sì ní í gbọ́ràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀ sí taya tó ní ojú. Pirelli tó ń ṣe é sọ pé tọ́kọ̀ bá ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí kan, taya kan ń gbá omi 85 lítà dànù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ju kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́ta lọ!

Ẹ wá wo títì Ìkòròdú wa yìí, láti Kétu dé Mile 12, tí òjò oṣù kẹfà bá ń rọ̀. Taya tokunbo tó ti pá lórí, irú èyí táwọn asáré ń bọ́ jù sílẹ̀ tójò bá dé, lòun gan-an làwọn kan fi ń kó èèyàn méjìlá, tí wọ́n tún ń figagbága!

Ti àgbàrá tún wà ńbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn ni. Ó lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀, àmọ́ kò lè fún omi. Tómi bá gba ibi tó ń mí wọlé, irin inú ẹ̀ máa tẹ̀, owó ẹ́ńjìnnì tuntun ti dé nìyẹn. Ní Safari Rally ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n máa ń fa páìpù tọ́kọ̀ fi ń mí lọ sókè, nítorí odò tí wọ́n ń là kọjá. Dánfó ò nírú imú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bódò Ògùn bá kún dé Àjégúnlẹ̀ àti Owódé Onírin, tómi ti dé ìdajì taya, ẹ ṣẹ́rí padà. Bọ́kọ̀ bá sì kú sínú omi, ẹ má tún sítáàtì ẹ̀, ẹ tì í jáde.

Ẹ̀yin èrò náà, ẹ máa wo taya kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Tí dẹ́rẹ́bà bá ń sá nínú òjò, ẹ lanu sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fọkọ̀ sáré jẹun dúró fún òjò, kí la wá ń lé ní Mile 12?