Ta Ló Ń Wọn Èéfín Iná Gáàsì?

Ọ̀rọ̀ èéfín ni mo gbé wá lónìí.

Àǹtí ìyàwó mi kan ń gbé nítòsí Warri, níbi tí iná gáàsì àwọn elépo ti ń jó tọ̀sán-tòru. Ó máa ń sọ fún wa lórí fóònù pé omi òjò tó bá ti orí páànù wọn sọ̀kalẹ̀, dúdú ni. Mo gbà á gbọ́. Dúdú yẹn kúnná débi pé ó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ni mí, mo sì mọ ohun tí agbẹjọ́rò elépo máa béèrè: gíráàmù mélòó ni?

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ta ló fẹ́ gbé òṣùwọ̀n sórí iná tó ń jó lókè fíofío? Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú iye gáàsì tí wọ́n sun, wọ́n á fi nọ́ńbà kan tó ti wà nílẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó parí. Àbá ni, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ iná kan ò jọ èkejì: gáàsì tó wúwo máa ń rú èéfín dúdú ju èyí tó fúyẹ́ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Matthew Johnson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carleton, ní Kánádà, ló wá ọgbọ́n dá sí i. Kámẹ́rà ni wọ́n gbé kalẹ̀ lókèèrè. Bí èéfín bá ṣe nípọn tó ló máa gba ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ tó. Wọ́n á wo ìmọ́lẹ̀ tó sọnù, wọ́n á wo bí èéfín ṣe ń sáré tó, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìyókù. Iná ńlá kan ní Uzbekistan, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, ń tú nǹkan bíi gíráàmù 2 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o! Lóòjọ́, ó lé ní kílò 170, ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ó tó èéfín bọ́ọ̀sì 500 tó ń rìn láìsinmi. Ẹ fojú inú wò ó pé gbogbo wọn tò sí Rye Lane.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Delta nìkan nìyẹn. Láti 1998 ni ẹ̀rọ kan ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin, tó ń wo oòrùn láti mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ní 2016, Olusegun Fawole, láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham ya àwọn ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gba orí iná gáàsì kọjá sọ́tọ̀. Wọ́n rí àmì rẹ̀ lójú ọ̀run Ìlọrin.

Ní Lewisham tó múlé tì wá níbí, Ella Adoo-Kissi-Debrah kú ní February 2013, ọmọ ọdún 9. Ní December 2020, coroner sọ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà lára ohun tó fa ikú ẹ̀. Ìyá rẹ̀ jà fitafita. Àmọ́ ẹ̀rọ ìwọn afẹ́fẹ́ kan wà ní nǹkan bíi máìlì kan sílé wọn, tó ti ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ohun tí Àǹtí wa ò ní nìyẹn.

Òfin 2018 ní Nàìjíríà bu owó ìtanràn lé sísun gáàsì: dọ́là 2 lórí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà gáàsì, fún àwọn elépo ńlá. Gáàsì lowó yẹn ń kà, kò ka èéfín. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n béèrè gíráàmù náà, kó sì jẹ́ àwọn yunifásítì wa ni yóò di kámẹ́rà mú, kì í ṣe àwọn elépo.